Ibùsùn Kan ní Àkọkà: Ìṣòro Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ ní Èkó

Lọ́jọ́ tí Yunifásítì Èkó (UNILAG) bá ṣí ojú òpó tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba ibùsùn sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gbé inú ọgbà kò gbọdọ̀ sùn gbàgbé. Dátà ti wà lórí fóònù, owó ti wà ní báńkì, ẹ̀gbọ́n kan tí nẹ́tíwọ̀kì àdúgbò rẹ̀ dára sì ti ṣèlérí pé òun náà á máa bá a tẹ̀ ẹ́ láti ibi tó wà. Tó bá yá, ojú òpó á dá dúró, á tún ṣí, á tún dá dúró. Kí ọ̀pọ̀ tó rí ibi tí wọ́n á ti yan ilé tí wọ́n fẹ́, ibùsùn ti tán.

Ohun tí wọ́n ń dù yìí kò ju bẹ́ẹ̀dì onírin alájà méjì lọ, tí ẹnì kan á gba òkè, tí ẹnì kejì á gba ìsàlẹ̀, nínú yàrá tí èèyàn mẹ́rin, mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ ń gbé. Síbẹ̀, agbára káká ni akẹ́kọ̀ọ́ fi lè rí ilé tó dínwó tó o ní gbogbo agbègbè Yàbá tí ọgbà náà wà. Ní ọdún 2023, yunifásítì náà fẹ́ sọ owó rẹ̀ di ₦90,000 ní ọgbà Àkọkà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn, wọ́n sì gbé e wálẹ̀ sí ₦43,000.

Ẹni tí kò bá rí i gbà nínú ọgbà yóò jáde lọ bá ejẹ́ǹtì. Ibẹ̀ ni yóò ti mọ̀ pé iye tí wọ́n ń pe owó ilé ní Èkó kọ́ ni iye tí ayálégbé ń san. Owó náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gbà á ló burú jù: ti ọdún kan gbáko, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí èèyàn tó gbé ẹní rẹ̀ wọlé, lọ́wọ́ ọmọ tí kò níṣẹ́ àti òbí tó ń dúró de owó oṣù.

Bí Yàbá ṣe di àdúgbò akẹ́kọ̀ọ́

Ọ̀rọ̀ ilé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Yàbá. Àjàkálẹ̀ àrùn kan tí eku ń gbé kiri jà ní Èkó ní ọdún 1924, ó sì pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní àwọn àdúgbò tó há gádígádí ní Erékùṣù. Ní ọdún 1928, ìjọba amúnisìn dá àjọ LEDB sílẹ̀ láti tún ìlú tò, Yàbá sì wà lára ibi tí wọ́n la òpópónà sí, tí wọ́n gé ilẹ̀ fún àwọn tó ń ṣí kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ilé ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé ilé. Yaba Higher College dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ó sì kó lọ sí Ìbàdàn ní 1948 láti di ìpìlẹ̀ yunifásítì ibẹ̀. Yaba College of Technology (Yabatech) ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947. Ní ọdún 1962 ni UNILAG ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 131 péré.

Wọ́n fi orúkọ àwọn ẹni ńlá sọ àwọn ilé ibùgbé tí wọ́n kọ́ sínú ọgbà: Mọremí, Fágúnwà, Madam Tinúbú, Kofoworọ́lá Adémọ́lá, Jaja, Mariere. Gbígbé inú ọgbà jẹ́ ara ẹ̀kọ́ nígbà náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ₦90 ni akẹ́kọ̀ọ́ ń san fún ibùsùn fún odidi sáà ní àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìjọba sì ń gbé ìyókù. Àwọn òbí tó kàwé ní àwọn ọdún 1980 máa ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn, ó sì máa ń ṣe àwọn ọmọ náà bí àlọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ UNILAG ti kọjá 40,000 lónìí. Wọ́n kọ́ ilé kún ilé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibùsùn tó wà nínú ọgbà kò tó ìdajì wọn. Kò sí ọjọ́ kankan tí ìjọba kéde pé ilé akẹ́kọ̀ọ́ ti kúrò lọ́rùn òun, pé ó ti di ti òbí. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹrù náà yọ́ kúrò lórí ẹnì kan bọ́ sórí ẹlòmíràn, títí ó fi di pé kò sẹ́ni tó rántí ìgbà tó ṣẹlẹ̀.

Ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) yàtọ̀ díẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1983, ilé ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ti ilé wá ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ìyànà-Ìbà, Ìbà àti Okokomáíkò ló wá di ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pète rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń dù yàrá kan náà

Nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, Èkó ni ilẹ̀ rẹ̀ kéré jù. Ilẹ̀ àti omi rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ kìlómítà 3,577 níbùú lóròó, ọ̀sà àti àbàtà sì gba èyí tó pọ̀ níbẹ̀. UNILAG fúnra rẹ̀ fẹ̀yìn ti ọ̀sà, kò sí ibi tí ọgbà náà lè gbòòrò sí lápá ibẹ̀.

Ní Yàbá, akẹ́kọ̀ọ́ nìkan kọ́ ló ń wá yàrá. Láti ọdún 2011 tí Co-Creation Hub ti ṣí ilé iṣẹ́ sójú ọ̀nà Herbert Macaulay, àwọn ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ń rọ́ wá sí àdúgbò náà. Nígbà tí Mark Zuckerberg tó ni Facebook wá sí Nàìjíríà ní 2016, Yàbá ló kọ́kọ́ yà sí. Ọ̀dọ́ tó ń gba owó oṣù níbẹ̀ fẹ́ gbé nítòsí iṣẹ́ rẹ̀, yàrá tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wá gan-an lòun náà ń wá, owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ju ti akẹ́kọ̀ọ́ lọ.

Èyí ló fà á tí àwọn ilé àtijọ́ fi ń pa rẹ́. Ilé ‘face-me-I-face-you’, tí yàrá kọjú sí yàrá tí gbogbo ayálégbé jọ ń lo balùwẹ̀ kan, ni ilé mẹ̀kúnnù àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Bàrígà, Ìwáyà àti Ṣómólú. Bí bàbá onílé bá kú tí àwọn ọmọ tà á, ẹni tó rà á á wó o, á sì kọ́ sẹ́ẹ̀fù-kọ̀ntéènì sórí ilẹ̀ náà, kálukú pẹ̀lú balùwẹ̀ àti ilé ìdáná tirẹ̀. Ilé náà dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó lè sẹ́ ìyẹn. Àmọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò lè padà wọ̀ ọ́.

Nígbà tí owó náírà já wálẹ̀ láti ìdajì ọdún 2023, sìmẹ́ńtì, irin àti páànù gbówó lórí, onílé sì gbé e lé ayálégbé lórí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba fi owó iná mànàmáná kún fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn máa ń pẹ́ jù lóòjọ́, ó sì di ₦225 fún ìwọ̀n kan. Láti ìgbà náà, ‘Band A ni wá o’ ti di ohun tí ejẹ́ǹtì fi ń polówó yàrá, òun náà sì ni ìdí tí owó ilé fi ń gòkè.

Ìṣirò owó ilé

Ká fi yàrá tí wọ́n pè ní ₦500,000 lọ́dún ṣe àpẹẹrẹ. Ejẹ́ǹtì á gba kọ́míṣọ́ọ̀nù tirẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦50,000. Owó àgírímẹ́ǹtì á tún tó bẹ́ẹ̀, ₦50,000 mìíràn. Onílé á béèrè owó ìdúró fún ohun tó bá bàjẹ́, tí wọ́n ń pè ní kọ́ṣọ̀n, ká ní ₦50,000. Owó ilẹ̀kùn àbáwọlé, omi, gáàdì àti ìdọ̀tí lè tó ₦50,000. Yàrá ₦500,000 ti di ₦700,000, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì tíì ra mátírẹ́ẹ̀sì.

Ní ọdún kejì, owó náà yẹ kó padà sí iye tí wọ́n pè é. Nígbà náà ni ìwé á dé pé onílé ti fi owó kún un. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní òun kò lè san án, á tún kó ẹrù, á sì tún bẹ̀rẹ̀ ìṣirò náà látòkè: kọ́míṣọ́ọ̀nù tuntun, àgírímẹ́ǹtì tuntun. Ọmọ tó bá kó kúrò lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún mẹ́rin ti san owó ejẹ́ǹtì àti ti àgírímẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀mẹrin.

Kí ó tilẹ̀ tó débẹ̀, wíwo ilé náà ń gba owó. Ejẹ́ǹtì máa ń gba owó ìbẹ̀wò kó tó ṣílẹ̀kùn, yálà yàrá náà wu ẹni tó wá wò ó tàbí kò wù ú. Àwọn mìíràn wà tí kò ní yàrá kankan lọ́wọ́: owó ìbẹ̀wò nìkan ni wọ́n fi ń jẹun. Èyí tó burú jù nínú wọn ni ẹni tó máa fi yàrá kan ṣoṣo gba owó ọdún kan lọ́wọ́ èèyàn márùn-ún. Ọjọ́ tí gbogbo wọn bá gbé ẹrù pàdé lẹ́nu ọ̀nà ni àṣírí á tú, fóònù rẹ̀ á sì ti kú pátápátá.

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ilé máa ń gba àwọn òbí níyànjú pé kí wọ́n rí onílé fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n má gba ọ̀rọ̀ kéètékà nìkan gbọ́, kí owó sì gba báńkì kọjá kó lè ní ẹ̀rí. Wọ́n tún ní kí wọ́n lọ wo ilé náà lẹ́yìn òjò. Ìwáyà àti apá kan ní Bàrígà wà nísàlẹ̀ létí ọ̀sà, yàrá tó gbẹ táútáú ní oṣù kìíní lè di adágún ní oṣù kẹfà. Mítà iná náà ní ẹjọ́ tirẹ̀: ayálégbé tó ti lọ lè ti fi gbèsè sílẹ̀ lórí rẹ̀, ẹni tuntun ni yóò sì san án.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ tì, tí owó ilé ń lọ

Ọdún ilé àti ọdún ilé ẹ̀kọ́ kì í bára mu. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí kò parí títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó san owó yàrá ní oṣù kìíní ọdún náà lo bí oṣù kan nínú rẹ̀ kó tó padà sílé. Kó tó wọlé padà, ó ku oṣù méjì péré kí owó náà tán. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní 2020, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì àti àrùn Kòrónà jọ ti ilé ẹ̀kọ́ pa láti oṣù kẹta títí dé ìparí ọdún.

Kò sí ìlànà kankan tó ní kí wọ́n dá owó àwọn oṣù yẹn padà fún ẹnikẹ́ni. Àwọn kan bẹ onílé, onílé fi oṣù díẹ̀ jì wọ́n. Àwọn mìíràn bá ẹrù wọn níta.

Onílé náà ní ohun tó ń sọ, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ilé ní Bàrígà àti Oníkẹ jẹ́ ti arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò ní owó mìíràn ju ti yàrá mẹ́fà tó fi gba ayálégbé. Irú wọn máa ń sọ pé bí àwọn bá gba owó oṣooṣù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, oṣù kejì ni yóò dákẹ́, ilé ẹjọ́ sì máa ń pẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi kọ̀ jálẹ̀ láti gba akẹ́kọ̀ọ́, pàápàá àwọn ọmọkùnrin, tí àwọn mìíràn sì ní dandan ni kí òbí wá fọwọ́ síwèé.

Ohun tí òfin sọ

Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin ayálégbé tí wọ́n ṣe ní ọdún 2011. Òfin náà ní onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó bá rú u lè san ìtanràn ₦100,000 tàbí kó fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta gbára. Ní àwọn àdúgbò bí Àkọkà, òfin yìí ṣe àǹfààní, torí owó ọdún méjì ni ọ̀pọ̀ onílé ń béèrè tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin náà yọ ilé tí ilé ẹ̀kọ́ ní tàbí tó ń bójú tó fún òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kúrò. Ẹni tó ní ibùsùn nínú ọgbà kò ní ẹ̀tọ́ ayálégbé lábẹ́ òfin yìí. Ìlànà ilé ẹ̀kọ́ ló ń darí rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ sì lè ní kí gbogbo èèyàn kó jáde láàárín wákàtí díẹ̀ bí rògbòdìyàn bá ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ tí ilé wọn wà ní Kánò tàbí Calabar ló máa ń jìyà ìyẹn jù.

Àwọn tó ń sùn sí ibùsùn ẹlòmíràn

Nínú gbogbo ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní Èkó, iye tó wà nínú ìwé àti iye tó ń sùn níbẹ̀ kì í dọ́gba. Ẹni tó rí ibùsùn á mú ọ̀rẹ́ kan wọlé, ọ̀rẹ́ yẹn á mú àbúrò rẹ̀ wá. ‘Squatter’ ni wọ́n ń pè wọ́n, ó sì lòdì sí òfin ọgbà. Wọ́n á ti kọ́bọ́ọ̀dù pọ̀ láti fi dá igun kékeré sílẹ̀, èèyàn méjì á pín bẹ́ẹ̀dì kan, ẹni kẹta á tẹ́ ẹní sáàárín. Bí pọ́tà bá kan ilẹ̀kùn lóru, kálukú mọ ibi tó máa sá sí.

Àánú nìkan kọ́ ló wà nídìí rẹ̀. Ọjà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan ń gba ibùsùn láti tà á ni: wọ́n á tà á ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta iye tí wọ́n rà á fún ẹni tí ojú òpó já kulẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ń kìlọ̀, ó ń gba ibùsùn lọ́wọ́ ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, ọjà náà kò sì kúrò nílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí owó inú ọgbà bá kéré tó bẹ́ẹ̀ sí ti ìta, tí ibùsùn kò sì tó, èrè á máa wà nínú títà á.

Ilé ìwẹ̀ tí wọ́n ṣe fún èèyàn mẹ́jọ ni èèyàn ogún ń lò. Omi á tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí kò bá rí ibi sùn rárá á gba yàrá ìkàwé lọ, á ní òun fẹ́ ṣe TDB, bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń pe ìwé kíkà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń kàwé. Àwọn mìíràn gbórí lé tábìlì nítorí pé kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè gbé e lé.

Ilé ẹbí

Ọ̀pọ̀ òbí tó ń gbé ní Ọ̀ṣun, Òndó tàbí Kwara ló máa ń kọ́kọ́ ronú kan ẹbí tó wà l'Ékòó. Bọ̀dá kan wà ní Agége, Àǹtí kan wà ní Ìkòròdú, ọmọ á lọ máa gbé lọ́dọ̀ wọn. Kò sí owó ilé níbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ wà lórí ọmọ, oúnjẹ kì í sì í wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ilé ẹbí ní iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ ṣe. Á gbálẹ̀, á wẹ àwọn ọmọ kéékèèké, á bá Àǹtí jókòó ti ìsọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bí ìdánwò bá dé, kò rọrùn fún un láti sọ fún ẹni tó gbà á sílé pé òun kò ráyè. Ọmọbìnrin ni ẹrù yìí máa ń wọ̀ lọ́rùn jù, torí òun ni wọ́n gbà pé iṣẹ́ ilé tọ́ sí. Ó yẹ kí òbí àti ẹbí jọ sọ ọ́ yanjú kí ọmọ tó kó dé: wákàtí wo ni tìwé, wákàtí wo ni tilé.

Ọ̀nà náà tún jìn. Ẹni tó ní kíláàsì aago mẹ́jọ ní Àkọkà tó sì ń ti Ìkòròdú bọ̀ gbọ́dọ̀ ti wà ní ibùdókọ̀ kí aago márùn-ún tó lù. Owó ọkọ̀ gòkè gan-an lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023. Láti oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba sì ti ka ọkàdà léèwọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Lagos Mainland, tí Yàbá wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ti mú ìrọ̀rùn wá fún apá kan. Red Line, tó ń ti Agbádò gba Agége, Ìkẹjà àti Oṣòdì wá sí Ọyìngbò, ní ibùdókọ̀ ní Yàbá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Agége lè débẹ̀ láìwọ inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ti LASU kò tíì rí bẹ́ẹ̀: Mile 2 ni Blue Line dúró sí nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ọ̀nà Badagry ló kù láti ibẹ̀.

Ilé aládàáni àti ẹ̀yáwó

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ti ń gba oníṣòwò láàyè láti kọ́ ilé ibùgbé sórí ilẹ̀ wọn. Oníṣòwò á kọ́ ọ, á gba owó rẹ̀ fún iye ọdún tí wọ́n jọ ṣàdéhùn, lẹ́yìn náà ilé á di ti ilé ẹ̀kọ́. Ibùsùn pọ̀ sí i lọ́nà yìí, iná àti omi sì máa ń dúró déédéé. Owó rẹ̀ ni kò ṣeé dé fún ọmọ tó ti sáré tẹ ojú òpó nítorí ibùsùn olówó pọ́ọ́kú. Ẹni tó yá owó kọ́lé ní báńkì Nàìjíríà gbọ́dọ̀ rí i padà kíákíá pẹ̀lú èlé, kò sì lè gba iye tí ìjọba ń gbà. Àfi bí ìjọba bá fi owó tirẹ̀ kún un ni ilé irú rẹ̀ á fi wúlò fún ọmọ mẹ̀kúnnù.

NELFUND, àjọ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ṣí ìforúkọsílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2024. Owó ilé ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń gba ₦20,000 lóṣù fún ìtọ́jú ara. Lọ́dún, ìyẹn jẹ́ ₦240,000, owó tó lè gbé ìpín ẹnì kan nínú yàrá tí ẹni mẹ́ta jọ gbà. Àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé, onílé kì í sì í gba díẹ̀díẹ̀. Bí NELFUND bá lè san ti ọdún kan pọ̀ fún onílé tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń san owó ilé ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á rí ilé láìjẹ́ pé ìjọba fi kọ́bọ̀ kan kún ohun tó ń yá wọn.

Ní ọdún 2025, àbá òfin ayálégbé tuntun dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó. Ó fẹ́ kí kọ́míṣọ́ọ̀nù ejẹ́ǹtì má ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Lórí yàrá ₦500,000, ìyẹn á yọ ₦25,000 kúrò nínú ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Owó ọdún kan ṣì wà níbẹ̀ láti san kí onílé tó fún un ní kọ́kọ́rọ́.